Èsì: Ìsáwùrú funfun tíntìntín inú orísun omi

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ rí ìsáwùrú funfun kékeré nínú iyanrìn orísun omi lẹ́bàá Ìkẹ́rẹ́, ẹ sì ń bèèrè bóyá Bythiospeum, irú ìsáwùrú abẹ́ ilẹ̀ kan, ni. Rárá o. Jámánì, Faransé àti agbègbè wọn ni ìyẹn ń gbé, nínú omi abẹ́ ilẹ̀ tó tutù tó sì mọ́. Gígùn rẹ̀ kò ju mìlímítà mélòó kan lọ, kò lójú, ara rẹ̀ kò láwọ̀, ó sì ní ìdérí tó fi ń pa ẹnu karahun dé.

Funfun nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Karahun èyíkéyìí tó ti kú tí oòrùn sì ti pa á á funfun. Ẹ gbé e dúró, kí ṣóńṣó rẹ̀ wà lókè, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí yín. Bí ẹnu bá bọ́ sọ́wọ́ òsì yín, tí ti ààyè kò sì ní ìdérí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Bulinus, èyí tó ń gbé aràn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀. Ẹ má fọwọ́ lásán bọ omi yẹn mọ́! Bọ́ọ̀tù àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni kẹ́ ẹ wọ̀.

Tó bá jẹ́ ti abẹ́ ilẹ̀ gan-an lẹ ń wá, ẹnu ihò tómi ti ń sun ni kẹ́ ẹ ti bu iyanrìn. Nísàlẹ̀ odò, ìsáwùrú ojú omi á ti dàpọ̀ mọ́ ọn. Ẹ sá iyanrìn náà kó gbẹ, ẹ dà á sínú báàfù omi, ẹ rò ó. Karahun òfìfo á léfòó, ẹ fi asẹ́ wẹ́wẹ́ kó o. Bí kò bá gbẹ dénú, gbogbo rẹ̀ ló máa rì. Sípíríìtì 70% ni kẹ́ ẹ fi tọ́jú ààyè.