Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́: Ta Ló Ní Nọ́ọ̀sì Ò Lè Di Ọ̀gá Káríayé?

Ìbéèrè: Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Manchester níbí. Mo ti gba fọ́ọ̀mù ipò ọ̀gá wọ́ọ̀dù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọ́n á ní mo ṣe dáadáa ní intafíù, tó bá yá ẹni tí èmi fúnra mi kọ́ níṣẹ́ ni wọ́n á fi síbẹ̀. Ọkọ mi ní kí n gbájú mọ́ owó oṣù mi jàre, pé níbo ni mo ti rí nọ́ọ̀sì tó di ọ̀gá káríayé, dọ́kítà ló ń di ọ̀gá. Mo sọ fún màmá mi lórí fóònù, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé mi ò gbọ́ nípa Mrs Pratt ará Èkó ni, pé nọ́ọ̀sì ni, gbogbo ayé ló sì mọ̀ ọ́n. Ṣé lóòótọ́ ni? Báwo ló ṣe débẹ̀? — Nọ́ọ̀sì tọ́rọ̀ sú, Manchester

Ìdáhùn: Àbúrò mi, màmá ẹ ò parọ́. Kofoworola Abeni Pratt lorúkọ ìyá yẹn, ọmọ Scott ni wọ́n nílé bàbá wọn, Èkó ni wọ́n bí wọn sí, CMS Girls' School ni wọ́n lọ. Nọ́ọ̀sì ló wù wọ́n láti kékeré, bàbá wọn ló ní rárá, kì í sì í ṣe pé bàbá burú o, ohun tójú ẹ̀ rí ló sọ: ní ọsibítù ìjọba òyìnbó amúnisìn láyé ìgbà yẹn, àwọn obìnrin tí wọ́n kó wá láti ìlú òyìnbó ló wà nípò gidi, ọmọ wa tó bá wọbẹ̀, ìsàlẹ̀ ló máa wà. Bí Màmá Pratt ṣe gba United Missionary College n'Íbàdàn lọ nìyẹn, wọ́n kọ́ṣẹ́ tíṣà, wọ́n sì padà wá ń kọ́ àwọn ọmọ ní CMS Girls' níbi táwọn náà ti jáde. Di ọ̀rọ̀ tíṣà yẹn mú, mo ṣì ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Wọ́n wá fẹ́ ọ̀gbẹ́ni Pratt, tó ń ṣiṣẹ́ apòògùn. Ọkọ lọ sí London láti lọ kọ́ṣẹ́ dọ́kítà, ìyàwó tẹ̀lé e ní 1946, wọ́n sì ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún nígbà yẹn, ìyẹn ọjọ́ orí táwọn ará ilé máa ń sọ pé kéèyàn jókòó jẹ́ẹ́. Wọn ò jókòó. Ilé ẹ̀kọ́ Nightingale tó wà ní St Thomas' ni wọ́n wọ̀, èyí tí Florence Nightingale, ìyá òyìnbó tó sọ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì di iṣẹ́ gidi, dá sílẹ̀ ní 1860, tó o bá ti gba orí afárá Westminster kọjá rí, wàá ti rí ọsibítù yẹn, òun àti ilé aṣòfin wọn ló kọjú síra, odò Thames ló wà láàárín. Ẹnu ẹ̀kọ́ yẹn ni wọ́n wà tí NHS, ètò ìlera ìjọba wọn lọ́hùn-ún, fi bẹ̀rẹ̀ ní July 1948, orúkọ wọn sì wọ ìwé àwọn nọ́ọ̀sì England ní 1950. Aláìsàn kan wà tó ní nọ́ọ̀sì dúdú ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òun. Ìwọ tó o wà ní Manchester, mi ò ní máa ṣàlàyé ìyẹn fún ẹ.

(Àwọn kan máa ń kọ ọ́ káàkiri pé Màmá Pratt ni nọ́ọ̀sì dúdú àkọ́kọ́ pátápátá nílẹ̀ òyìnbó. Èmi ò ní tà á bẹ́ẹ̀ o. Ọmọọba Adenrele Ademola, ọmọ Aláké Ẹ̀gbá, ti gbàwé nọ́ọ̀sì tiẹ̀ ní 1941, Guy's Hospital ni òun ti kọ́ṣẹ́, nínú London yẹn náà, ogun Hitler ń lọ lọ́wọ́, wọ́n tiẹ̀ ṣe sinimá nípa ẹ̀. Ẹ̀gbá ẹ má bínú, a ò gbàgbé yín.)

Ibi táwọn èèyàn máa ń pa ìtàn Màmá Pratt dé sí ni London, tó bá sì jẹ́ tèmi, ibi tó ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní 1954 wọ́n padà wálé pẹ̀lú ìwé St Thomas' lọ́wọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe síísítà wọ́ọ̀dù, ìyẹn ọ̀gá wọ́ọ̀dù, àwọn tó ń gbani síṣẹ́ kọ́kọ́ kọ̀ fún wọn, wọ́n ní òyìnbó làwọn ń fi sípò yẹn. Nílé o! Nílẹ̀ bàbá wọn! Ohun tójú ẹ ń rí lójú òpópónà àjèjì yẹn, Màmá Pratt rí i lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn. UCH, ọsibítù yunifásítì tó wà n'Íbàdàn, ni wọ́n padà wọ̀, wọ́n ń gòkè díẹ̀díẹ̀, nígbà tó fi máa di 1964 àwọn ni mátírọ́nì, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó máa jókòó síbẹ̀. Mátírọ́nì ayé ìgbà yẹn kì í sì í ṣe orúkọ ẹnu lásán, gbogbo nọ́ọ̀sì, ilé táwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ń sùn, aṣọ bẹ́ẹ̀dì, tó fi dórí pé yúnífọ́ọ̀mù ta ni ò lọ̀, abẹ́ ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà.

Ó dáa, báwo ni wọ́n ṣe ti Ìbàdàn di ọ̀gá káríayé? Ibí yìí ni kó o fara balẹ̀ kà. Nínú ayé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ICN (International Council of Nurses) ni ẹgbẹ́ tó kó gbogbo ayé pọ̀, 1899 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀. Èèyàn kan ò lè dá dìde kó lọ forúkọ sílẹ̀ ní ICN, ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń gbà wọlé. Nítorí náà, ká ní Màmá Pratt jókòó sí ọ́fíìsì mátírọ́nì tí wọ́n ń jẹ ipò wọn lọ, àyíká UCH lokìkí wọn ì bá mọ. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n wà lára àwọn tó kó àwọn nọ́ọ̀sì tó kàwé jọ láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ìpàdé lónìí ìpàdé lọ́la, ìyẹn ìpàdé tí ìwọ àti èmi máa ń sá fún torí pé iṣẹ́ alẹ́ ti rẹ̀ wá. Ẹgbẹ́ yẹn ló gbé wọn dé iwájú ayé, wọ́n sì di igbá kejì ààrẹ ICN.

Tíṣà tó wà nínú wọn ò sì sùn. Ní 1965 ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọwọ́ Màmá Pratt wà níbẹ̀ gan-an. Lọ́dún kan náà ìjọba àpapọ̀ fi wọ́n ṣe ọ̀gá pátápátá fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà, ọmọ ilẹ̀ yìí àkọ́kọ́ nípò yẹn. Nígbà tó di 1973 wọ́n fi wọ́n ṣe kọmíṣánnà ìlera l'Ékòó, ọdún yẹn náà ni wọ́n gba Florence Nightingale Medal, àmì ẹ̀yẹ káríayé fáwọn nọ́ọ̀sì. Royal College of Nursing tó wà ní London fi wọ́n ṣe fẹ́lò àpọ́nlé ní 1979. 1992 ni wọ́n papò dà.

Ní tìẹ o: lẹ́yìn intafíù, béèrè kí wọ́n kọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó sílẹ̀ fún ẹ, lórí ìwé o, má gba ti ẹnu, tó bá di pé ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́ ní àwọ̀ nínú, ìwé yẹn ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yín máa bi ẹ́. Tó ò bá tíì sí nínú ẹgbẹ́, wọ ọ́ lósù yìí. Kó o sì jẹ́ kí wọ́n máa ka iṣẹ́ tó o fi ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun mọ́ ẹ lórúkọ, gba sátífíkéètì lé e lórí, má kàn máa kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́ tí wọ́n á sì máa fò ẹ́ kọjá. Ọkọ ẹ ńkọ́? Sọ fún wọn pé nọ́ọ̀sì ọmọ Tonga, erékùṣù kékeré kan lórí òkun Pàsífíìkì, Amelia Tuipulotu lorúkọ ẹ̀, ló ṣe mínísítà ìlera nílé wọn kí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, tó mú un lọ Geneva láti ṣe ọ̀gá àgbà nọ́ọ̀sì wọn. Tí wọ́n bá tún ní dọ́kítà nìkan, kó o fún wọn lóúnjẹ kí wọ́n lọ sùn.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, Florence Nightingale Medal táwọn nọ́ọ̀sì ń gbà yẹn, ṣé owó wà nínú ẹ̀ ni? — Bàbá Nọ́ọ̀sì, Ìlọrin

Ìdáhùn: Bàbá wa, kò sówó níbẹ̀ o. Red Cross tó wà ní Geneva ló ń fún wọn, ọdún méjì méjì. Fàdákà tí wọ́n fi wúrà kùn lójú ni, àwòrán Nightingale wà lára ẹ̀ pẹ̀lú àtùpà lọ́wọ́. Iyì ló pọ̀ níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ọmọ mi fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, ó ní tóun bá ti jáde báyìí òun ń jápà ni. Ṣé yunifásítì ni kó lọ àbí school of nursing? Ẹnì kan tún ń sọ pé wọn ò ní jẹ́ kó lọ. — Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ o. Ibi méjèèjì ló ń jáde sí ìdánwò kan náà, ti Council, ìyẹn àjọ tó ń fún àwọn nọ́ọ̀sì ní láísẹ́ǹsì ní Nàìjíríà, àmọ́ tó bá ń lérò láti kọ́ni tàbí kó ṣe ọ̀gá lọ́jọ́ iwájú, ìwé yunifásítì á dín wàhálà kù fún un, ẹ jẹ́ kó gbìyànjú ẹ̀ kọ́kọ́. Ní ti jíjápà, ní February 2024 ni Council gbé ìkéde jáde pé nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé lẹ́yìn tó bá ti gba láísẹ́ǹsì kí àwọn tó jẹ́rìí ìwé ẹ̀ fún òkè òkun, àwọn nọ́ọ̀sì bínú, wọ́n ṣèwọ́de l'Ábújá àti l'Ékòó. Èmi ò fara mọ́ kí wọ́n máa fi ìwé de èèyàn mọ́lẹ̀ nígbà tówó oṣù ò tó jẹun, àmọ́ ọdún méjì lórí wọ́ọ̀dù ò lè pa á lára, ojú ẹ̀ á là síṣẹ́. Kó ṣáà lọ bi Council fúnra wọn nígbà tó bá fẹ́ parí, kó má gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń gbowó fọ́ọ̀mù lẹ́yìn géètì.