Ṣé orí ló ni ẹ̀bi ìwà?

Ìbéèrè: Àwọn àgbà ní àkúnlẹ̀yàn òun ni àdáyébá. Bó bá jẹ́ pé ọ̀run la ti yan ohun tí a ó dà, kí ló dé tí a tún ń bá oníwàkiwà wí?

Ìdáhùn: Nítorí pé nínú ìtàn tí Ifá fúnra rẹ̀ sọ nípa yíyan orí, ìwà ló ṣáájú.

Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń ti ọ̀run bọ̀ wá sáyé: Orísẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kù gìrì lọ sílé Àjàlá alámọ̀ tó ń fi amọ̀ mọ orí ènìyàn lọ́run, wọ́n gbé orí tó wù wọ́n lójú. Orí tí iná ò jó dénú ni. Òjò pa á lọ́nà, ó sì wó kí wọ́n tó dáyé. Afùwàpẹ́ yà kí bàbá rẹ̀ ná. Wọ́n dífá fún un, ó rúbọ, wọ́n sì fún un ní iyọ̀ àti owó ẹyọ dání. Lójú ọ̀nà, ó bá oníbodè kan tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó fún un ní iyọ̀. Nígbà tó dé ilé Àjàlá, onígbèsè ni Àjàlá, ó ti sá pamọ́ sókè àjà nítorí olówó tó wá sin ín. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó sì bá a ṣa orí tó jiná.

Ẹ wò ó dáadáa: ta ló yan orí rere fún Afùwàpẹ́? Etí ìgbọ́ràn rẹ̀ ni, àti ọwọ́ rẹ̀ tó là.

Jean-Paul Sartre, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Faransé, kò gbà pé a ti ibì kankan yan ohunkóhun wá. Nínú àsọyé tó ṣe ní Paris lọ́dún 1945, ó ní ènìyàn á kọ́kọ́ wà ná, kó tó fi ìṣe ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di nǹkan. Ojo ló sọ ara rẹ̀ di ojo. Ẹni tó bá ní bí wọ́n ṣe dá òun nìyẹn, ara rẹ̀ ló ń tàn. Mo fara mọ́ ìyẹn pátápátá. Ṣùgbọ́n kéèyàn gbà pé òun lòun yan ọ̀nà òun kò tíì tó. Ìkà tó jẹ́wọ́ pé òun fẹ́ràn ìkà, ìkà náà ni. Ọmọlúàbí gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ pé kí ni yíyàn òun ṣe fún oníbodè tí kò níyọ̀. Níbi yìí, Aristotle ará Gíríìkì sún mọ́ wa ju Sartre lọ: ó ní ṣíṣe òdodo léraléra ló ń sọ ènìyàn di olódodo. Ohun tí a ń ṣe náà nìyẹn tí a fi ń kọ́ ọmọ láti kékeré pé kó kí àgbà, kó má purọ́, kó bù fún ẹnìkejì nínú oúnjẹ rẹ̀.

Òótọ́ ni pé a ń sọ pé àyànmọ́ ò gbóògùn. Síbẹ̀ àwọn tó ń sọ ọ́ náà ló ń fi obì àti omi tútù bọ orí wọn, tí wọ́n sì ń bẹ̀ ẹ́ kó má kẹ̀yìn sí àwọn. Ta ni í bẹ ohun tí kò lè yí padà?