Bí Akọ Gòrílà Bá Ya Lù Wá, Ṣé Ká Sá Ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ní Kigali ti sanwó fún èmi àti bàbá rẹ̀ láti lọ wo gòrílà orí òkè ní Ruwáńdà lóṣù kẹfà. Mo wo fídíò kan tí akọ gòrílà ti ń lu àyà gbì-gbì-gbì, tó sì ya lu àwọn tó wá wò ó. Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí wa, ṣé ká sá ni? Ọ̀fìnkìn tún máa ń yọ ọkọ mi lẹ́nu nígbà òtútù. Ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, àbí? Ìyá Káyọ̀dé, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìnáwó ọmọ, Mà. Ẹ má sá o. Ti gòrílà ò le púpọ̀. Ti ọ̀fìnkìn Bàbá gan-an ló le.

Bó bá ya bọ̀, ẹ lóṣòó, ẹ wolẹ̀, ẹ má wò ó lójú, kí ẹ sì ṣe ohun tí afinimọ̀nà bá ní kí ẹ ṣe. Ìhàlẹ̀ ni, lọ́pọ̀ ìgbà ni yóò dúró kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, tí yóò sì padà sídìí ewé tó ń jẹ. Ẹni tó bá ki eré mọ́lẹ̀ ló ń pè é pé kó máa lé òun.

Ó nídìí tó fi ń halẹ̀. Akọ máa ń tó bí ọmọ ọdún 12 kí irun ẹ̀yìn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í funfun bíi fàdákà, ó sì lè wọ̀n ju 160 kílò lọ. Abo ò ju bí ìdajì rẹ̀ lọ. Òun ni baálé. Òun ló ń pinnu ibi tí wọ́n á ti jẹun àti ìgbà tí wọ́n á sinmi. Ohun tó ń ṣọ́ jù ni akọ àjèjì, torí bí òmíràn bá gba ìdílé mọ́ ọn lọ́wọ́, ó lè pa àwọn ọmọ tó ṣì ń mu ọmú. Abo tó ń fọ́mọ lọ́mú kì í tètè lóyún. Bí ọmọ bá kú, yóò tún gba akọ. Bẹ́ẹ̀ ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́rin kí abo kan tó bí òmíràn lé èyí tó bí. Ẹ rí i pé ọmọ wọ́n lójú wọn.

Àtẹ́lẹ́wọ́ tó tẹ̀ kòtò bí ìgbákọ ló fi ń lu àyà, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́. Ìwádìí kan tó jáde ní 2021 lórí àwọn gòrílà Ruwáńdà yìí kan náà fi hàn pé bí akọ bá ṣe tóbi sí ni ìró àyà rẹ̀ ṣe máa ń rinlẹ̀ sí. Ẹni tó wà lókèèrè á ti gbọ́ bó ṣe tóbi tó, ìjà ò sì ní wáyé. Ẹ fetí sí ọ̀fun rẹ̀ náà. Bó bá ń kùn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń ha ọ̀fun, ara rẹ̀ balẹ̀. Àwọn afinimọ̀nà máa ń ṣe irú rẹ̀ fún un bí wọ́n bá dé. Bó bá húkọ́ kúkúrú, ẹ rọra fà sẹ́yìn.

Ó wá ku Bàbá. Àwọn gòrílà yìí ò ju 1,063 lọ nínú àròpọ̀ tí wọ́n kéde ní 2019, ní òkè Virunga, níbi tí ẹ ń lọ, àti igbó Bwindi ní Uganda nìkan. Àìsàn èémí wa ń ràn wọ́n, ara wọn ò sì mọ̀ ọ́n rí. Ní 2009, ó wọ ìdílé kan tó ní gòrílà 12 ní Ruwáńdà. Ó mú 11 nínú wọn, abo àgbà kan àti ọmọ jòjòló kú. Kòkòrò tí wọ́n bá lára àwọn méjèèjì, ti èèyàn ni. Ìdí nìyí tí èèyàn mẹ́jọ péré fi ń lọ bá ìdílé kan lóòjọ́, fún wákàtí kan, pẹ̀lú ìbòmú, tí wọ́n sì ń jìnnà sí wọn ní mítà mẹ́wàá. Ọmọdé tí ò tíì pé ọdún 15 kì í lọ.

Bí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe Bàbá láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ó má gòkè. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí korò, torí 1,500 dọ́là lórí ẹnìkan kì í ṣe owó kékeré. Owó yẹn ló ń mú kí àwọn kan gbé oògùn ikọ́ mì, kí wọ́n sì díbọ́n pé ara àwọn le. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Káyọ̀dé béèrè nísinsìnyí iye tí wọ́n máa dá padà bí ara ẹnìkan ò bá yá, kí Bàbá sì rí dókítà rẹ̀ nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára kí ẹ tó gbéra. Bí ikọ́ bá gbé ẹnikẹ́ni yín níbẹ̀, ẹ kọ ẹ̀yìn sí wọn, kí ẹ sì fi ìgúnpá bo ẹnu lórí ìbòmú.

Bẹ́ẹ̀ ni, Nàìjíríà náà ní gòrílà, lágbègbè Cross River. Irú mìíràn nìyẹn, wọ́n ń sá fún èèyàn, a kì í sì í kó èrò lọ wò wọ́n.

Ẹ mú ìbọ̀wọ́ tó nípọn àti ṣòkòtò gígùn tí ẹ lè kì bọ inú ìbọ̀sẹ̀. Igbó yẹn kún fún ewé tó ń jó ni lára bí èsìsì. Gòrílà ń ká a lọ́wọ́ kó tó jù ú sẹ́nu. Èmi àti ẹ̀yin ò lè dán an wò. Ẹ tún gba ọ̀dọ́kùnrin kan tó máa bá yín gbé àpò, ẹsẹ̀ òkè náà ga.