Mi ò fẹ́ mọ èsì, ṣé mo ṣì lè fún wọn lẹ́jẹ̀?

*Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ ọdún 31 ni mí. Àrùn Huntington, èyí tó ń ba ọpọlọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ tí ọmọ sì lè jogún, ló ń ṣe bàbá mi, òun náà ló sì pa ìyá tó bí wọn. Mi ò tíì ṣe àyẹ̀wò, mi ò sì fẹ́ ṣe é. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo tẹ̀lé bàbá mi lọ sọ́dọ̀ dókítà, nọ́ọ̀sì kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní àwọn tó ń ṣe ìwádìí ń wá irú àwa ọmọ yìí, ló bá fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní bí mo bá fọwọ́ sí i, kí n má pe òun ní ẹ̀gbọ́n mọ́; ó ní wọ́n kàn fẹ́ fi wá dán nǹkan wò ni. Ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu bàbá mi mọ́, ṣùgbọ́n mo rí bí wọ́n ṣe tẹjú mọ́ fọ́ọ̀mù yẹn. Ó ṣì wà nínú báàgì mi. Mi ò lè fà á ya, mi ò sì lè kọ nǹkan kan sí i.*

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. Ẹrù méjì lo dì papọ̀ tó o gbé karí: ọ̀kan ni kíkópa nínú ìwádìí, èkejì ni mímọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Jẹ́ ká tú wọn sọ́tọ̀ ná, nítorí ẹni tí kò fẹ́ mọ̀ lè kópa.

Láàárín ọdún 1999 sí 2004, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní PHAROS gba ènìyàn 1,001 wọlé ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Bíi tìẹ ni ọ̀rọ̀ wọn: àrùn náà wà nínú ìdílé, wọn ò ṣe àyẹ̀wò, wọn ò sì fẹ́ ṣe é. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n yẹ jíìnì inú rẹ̀ wò, ìyẹn àbùdá tí ọmọ ń jogún látọ̀dọ̀ òbí, àmọ́ kò sẹ́ni tó gbọ́ èsì nínú wọn. Kódà dókítà tó ń yẹ̀ wọ́n wò lójúkojú ò mọ̀ ọ́n. Enroll-HD, ìwádìí mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, náà ò yàtọ̀, ó sì ti gba ènìyàn tó lé ní 20,000. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n á bi ọ́ ní ìbéèrè, wọ́n á wo bí o ṣe ń rìn, wọ́n á dán ìrántí rẹ wò, wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀, ó di ilé. Èsì tí wọ́n bá rí nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn, wọn kì í sọ ọ́ fún ẹni tó ni ín.

Ìdí tí wọ́n fi ń wá yín ni pé àrùn yìí ti máa ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mì fúnra wọn. Ara ẹni tí àrùn náà kò tíì hàn lára rẹ̀ ni wọ́n ti lè rí ìbẹ̀rẹ̀ yẹn. Bó bá sì jẹ́ pé o ò jogún un, ara rẹ ni wọ́n máa fi wé ti àwọn tó jogún un.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́? Má pè é ní aláìmọ̀kan. Ọmọ bíi tiyín ni Nancy Wexler, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà; àrùn yìí ló pa ìyá rẹ̀ ní 1978. Òun ló kó àwọn olùwádìí lọ bá àwọn ìdílé tó ń gbé létí ọ̀sà Maracaibo ní Venezuela. Nígbà tí àwọn èèyàn ibẹ̀ ń ṣiyèméjì, àpá ibi tí wọ́n ti gé awọ lára Nancy fúnra rẹ̀ fún àyẹ̀wò ni wọ́n fi hàn wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ìdílé wọ̀nyẹn ló jẹ́ kí wọ́n mọ àgbègbè tí jíìnì náà wà ní 1983, kí wọ́n tó wá rí òun gan-an ní 1993. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà nínú òṣì paraku. Ẹni tó bá ní àwọn tó fún wọn lẹ́jẹ̀ ò rí èrè rẹ̀ tó bó ṣe yẹ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ ò lè ṣe ni pé kó fi ẹ̀rù tirẹ̀ pàṣẹ fún ọ. Bóyá ọmọ á jogún un tàbí kò ní jogún un, ìdajì-ìdajì ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n bá rí lára rẹ kò sọ nǹkan kan nípa tirẹ̀. Bí wọ́n bá sì ń béèrè ìtàn ìdílé, má dárúkọ rẹ̀ láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Sọ èyí fún un kí ẹ tó jọ sọ ohunkóhun mìíràn.

Ohun tó ń kọ mí lóminú nípa ìwọ alára rèé. O ti mọ bí wọ́n ṣe ń ka ojú bàbá rẹ. Bó o bá wọ ìwádìí yìí, ojú ẹni tó ń yẹ̀ ọ́ wò lo máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà: kí ló dé tó dákẹ́, kí ló dé tó tún ní kí n ka nọ́ńbà yẹn? Bó o bá mọ̀ pé ìyẹn ò ní jẹ́ kó o sùn, má tíì lọ. Kò sẹ́ni tó máa bá ọ wí.

Tó o bá sì fẹ́ lọ, béèrè kó o tó fọwọ́ sí i. Ṣé wíwò lásán ni, àbí oògùn wà níbẹ̀? Oògùn ní ewu tirẹ̀: ní oṣù kẹta ọdún 2021, wọ́n dá ìwádìí oògùn Huntington kan tó ń jẹ́ tominersen dúró, torí pé àwọn tó ń gbà á lemọ́lemọ́ ń burú ju àwọn tó ń gba abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú lọ. Àwọn ìwádìí oògùn kan sì wà tí wọn ò ní gbà ọ́ láìjẹ́ pé o mọ èsì rẹ. Béèrè ibi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ ń lọ, bóyá orúkọ rẹ tàbí nọ́ńbà ló wà lára rẹ̀, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i bó o bá yí ọkàn padà. O lẹ́tọ̀ọ́ láti jáde nígbà tó bá wù ọ́ láìsọ ìdí. Béèrè ọ̀rọ̀ adójútòfò pẹ̀lú. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 2008 kò jẹ́ kí adójútòfò ìlera tàbí agbanisíṣẹ́ fi jíìnì dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, àmọ́ kò dé ọ̀dọ̀ adójútòfò ẹ̀mí.

Èrò tèmi ni pé, bó bá jẹ́ wíwò lásán, ó yẹ kó o lọ, àmọ́ kì í ṣe lóṣù yìí. Kò tọ́ kí wọ́n fún ọ ní fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ tó o tẹ̀lé bàbá rẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Má sì tìtorí pé o rò pé yóò wo wọ́n sàn lọ; wíwò lásán kì í wo ẹnikẹ́ni sàn.

Ó ku bàbá rẹ. O ní wọ́n tẹjú mọ́ fọ́ọ̀mù náà. Wọ́n lè máa bẹ̀rù fún ọ, wọ́n lè máa bẹ̀ ọ́, ó sì lè jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló wù kí wọ́n kópa. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ò já gaara lẹ́nu rẹ̀ ṣì lè mi orí. Gbé fọ́ọ̀mù náà jáde nínú báàgì, jókòó tì wọ́n, kó o bi wọ́n.