Kì í ṣe pé nẹ́ẹ̀fù màmá yín ti gbẹ

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Ẹ ní láàárọ̀, ojú wọn a máa là dáadáa ní Ṣábẹ̀ẹ́ lọ́hùn-ún, àmọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́, ìpéǹpéjú á wálẹ̀, oúnjẹ jíjẹ náà á di iṣẹ́. Dókítà ní myasthénie ni, àìsàn tó ń mú kí iṣan tètè rẹ̀. Ẹ wá béèrè bóyá ohun inú nẹ́ẹ̀fù wọn, ìyẹn okùn tó ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ lọ sí iṣan, ló ń tán bí ọjọ́ ṣe ń lọ, àti bóyá kí ẹ fi kún oògùn wọn. Rárá ni sí méjèèjì. Àìsàn yìí ń bá èmi náà fínra, SVT, ẹ̀kọ́ nípa ohun alààyè àti ilẹ̀, ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní Kétu níbí, ní Benin. Ohun tí mo ń fi ẹfun yà sára pátákó fún Terminale D, kíláàsì ìparí girama, ni mò ń gbé kiri.

Níbi tí nẹ́ẹ̀fù ti fẹ́ kan iṣan, àwọn àpò wínníwínní ló kún ìdí rẹ̀. Fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju nǹkan bí nanomẹ́tà 40 sí 50 lọ, acetylcholine, èròjà tí nẹ́ẹ̀fù fi ń ránṣẹ́ sí iṣan, ló sì wà nínú wọn. Tí àṣẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ láti ọpọlọ, calcium á rọ́ wọlé, àwọn àpò tó ti wà létí ẹnu ọ̀nà á lẹ̀ mọ́ awọ nẹ́ẹ̀fù, wọ́n á tú ẹrù wọn síta. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwòrán ilé ìwé máa ń dúró sí, ó sì máa ń dùn mí, torí apá tó dùn jù ló ṣẹ́ kù. Bí awọ àpò bá ń dà pọ̀ mọ́ awọ nẹ́ẹ̀fù tí kò padà, nẹ́ẹ̀fù á kàn máa wú ni, àpò á sì tán. Ṣé ẹ rí ìgò epo kpayo létí títì? Wọ́n á da epo inú rẹ̀ sí táńkì ọ̀kadà zémidjan, wọ́n á tún rọ òmíràn sí i láti inú bìdọ́ọ̀nù, ìgò kan náà ló ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀. Bí àpò ṣe ń ṣe nìyẹn. Protéìnì kan tó ń jẹ́ clathrin á hun àwọ̀n yí awọ náà ká, á fà á wọnú, òmíràn tó ń jẹ́ dynamin á lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn, á gé e, wọ́n á sì fi acetylcholine tuntun kún un. Acetylcholine tó ti ṣiṣẹ́ tán pàápàá kì í ṣòfò: ẹ́ńsáìmù kan á là á sí méjì lójú iṣan, nẹ́ẹ̀fù á sì kó choline inú rẹ̀ padà sílé.

Eṣinṣin kan wà tí wọ́n ń pè ní shibire, dynamin rẹ̀ kì í lè ṣiṣẹ́ tí ooru bá ti sún mọ́ 30°C. Á ṣubú, kò ní lè mira. Ẹ gbé e sí ibi tútù, láìpẹ́ á dìde. Bí wọ́n bá fi maikirosíkóòpù wo nẹ́ẹ̀fù rẹ̀ nígbà tó ṣubú, wọ́n á rí àwọn àpò tí ọrùn wọn kò tíì gé. Láti 1973 ni àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí bóyá àpò máa ń dà pọ̀ tán pátápátá ni, àbí ó kàn ń yanu kó tún pa á dé. Ìyẹn ò kan màmá yín.

Ohun tó kàn wọ́n ni pé gbogbo iṣẹ́ yìí ń lọ déédéé lára wọn. Ojú iṣan tó ń gba acetylcholine ni àwọn sójà ara tiwọn fúnra wọn ń bà jẹ́. Àpò tó wà lẹ́nu ọ̀nà a máa dín kù díẹ̀ tí àṣẹ bá ń tẹ̀ lé àṣẹ, ara ẹni tó le náà rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nẹ́ẹ̀fù máa ń kó ju ohun tí iṣan nílò lọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Àfikún yẹn ni àwa ò ní mọ́. Ní Kútọnu, wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, wọ́n ń ta iná sí i ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlà àkọ́kọ́ ga fíofío lójú ẹ̀rọ, ìkejì rẹlẹ̀, ìkẹrin ò tó ìdajì. Wọ́n ní kí n sinmi, wọ́n tún ta á, ìlà tún dìde. Ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ni mò ń wò lójú ara mi yẹn. Látìgbà náà ni mo ti ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ka dictée, ìyẹn àpèkọ, kí ohùn mi tó gba imú jáde.

Pyridostigmine, oògùn tí màmá yín ń lò, kì í fi àpò kún àpò. Ẹ́ńsáìmù tó ń la acetylcholine ló ń dí lọ́wọ́, kí ìwọ̀nba tó dé ojú iṣan lè pẹ́ díẹ̀. Ẹ fún wọn ní nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí ṣáájú oúnjẹ, ẹ má dúró dìgbà tí òkèlè bá ń há wọn. Tó bá pọ̀ jù, itọ́ á máa dà, inú á máa ṣí, ara á máa gbọ̀n, àárẹ̀ náà á sì le sí i, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti àìsàn mọ́. Dókítà wọn nìkan ni kó yí i padà.

Ohun tí ì bá pa mí ni abẹ́rẹ́. Ibà ló gbé mi dé ilé ìwòsàn kan, wọ́n gún mi ní gentamicin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn. Nígbà tó fi máa di òru, ọwọ́ ni mo fi ń gbé àgbọ̀n mi ró torí ọrùn ò gbé orí mọ́. Gentamicin ń dí calcium lọ́nà àtiwọ nẹ́ẹ̀fù ni, magnesium náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Quinine náà ò dáa fún wa, bẹ́ẹ̀ ibà sì ń bá wa gbélé. Ẹ kọ orúkọ àìsàn náà àti orúkọ oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí páálí kan, kí wọ́n máa mú un dání, kí ẹ sì fi hàn kí ẹnikẹ́ni tó fa abẹ́rẹ́.

Ẹ máa ní kí wọ́n kà láti oókan lórí èémí kan ṣoṣo, ní ohùn tó ń gbọ́. Tí wọn ò bá lè dé 15 mọ́, tàbí tí itọ́ ń há wọn lọ́fun, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́, alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn ńlá.