Press (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tún ọta ìbọn kì) wo ni kí n kọ́kọ́ rà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, Houston ni mò ń gbé, ìbọn pístù 9mm ni mo máa ń yìn ní range (pápá ìyìnbọn), owó ọta ti wá ga jù, mo sì ti ṣa ìkarahun ọta jọ rẹpẹtẹ, mo fẹ́ máa tún un kì fúnra mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra press Dillon tó jẹ́ progressive tààrà.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, má tíì ra progressive o. Ó yá lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ bíi mẹ́rin ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ò lè ká gbogbo ẹ̀. Single stage, tó jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan, ń kọ́ èèyàn dáadáa, ṣùgbọ́n pẹ̀lú iye ọta tí pístù ń jẹ ó máa tètè sú ẹ. Turret, tí orí ẹ̀ máa ń yí, ni kó o rà, bíi Lee Classic Turret, gbogbo die ẹ (àwọn irin tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lára ọta) á ti wà lórí ẹ̀, ọta kan ṣoṣo lo sì ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ra die carbide (irin líle gan-an), o ò ní máa fi òróró pa ìkarahun.

Ẹ̀tù ló ń bà mí lẹ́rù jù. Tó bá di ìlọ́po méjì ó lè fọ́ ìbọn mọ́ ẹ lọ́wọ́, tí kò bá sì sí rárá, orí ọta á há sínú ọ̀pá ìbọn, ìkejì tó bá tẹ̀lé e ewu ńlá ni. Jọ̀ọ́, tan iná sórí press yẹn, wo inú ìkarahun kọ̀ọ̀kan kó o tó fi orí ọta lé e, ra skélì tó dáa àti ìwé ìwọ̀n ẹ̀tù, má gba ìwọ̀n lẹ́nu ọ̀rẹ́ kankan.