Ológbò Méjì Tí Kò Fẹ́ Ya Ara Wọn

ÌBÉÈRÈ
Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Woolwich, ní London, iṣẹ́ òru ni mo sì máa ń ṣe jù. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, bẹ̀ mí títí mo fi gbà pé ká mú ológbò wálé. Abo aláwọ̀ eérú kan wù wá níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn tí kò nílé, àmọ́ wọ́n ní òun àti akọ dúdú kan jọ dàgbà ni, ẹni tó bá fẹ́ ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú méjèèjì. Fúláàtì oníyàrá méjì là ń gbé. Ọkọ mi ní ọjà tí kò yá ni wọ́n fẹ́ dì mọ́ èyí tó yá. Ìyá ọkọ mi náà ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta lóṣù kẹjọ, ẹ sì mọ ohun tí wọ́n máa sọ tí wọ́n bá rí ológbò dúdú. Ṣé ká mú méjèèjì, àbí ká wá ọ̀kan ṣoṣo lọ síbòmíràn?

ÌDÁHÙN
Àbúrò mi, ọkọ rẹ ò kúkú jẹ̀bi tán. Ológbò méjì tí wọn ò fẹ́ yà máa ń pẹ́ kí wọ́n tó rí olówó wọn, torí ọ̀kan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń wá. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé wọ́n kàn fẹ́ kí àgọ́ ṣófo ni, wọn ì bá ti jẹ́ kí ẹ gbé abo yẹn lọ lọ́jọ́ náà.

Padà lọ wò wọ́n fúnra rẹ. Ṣé wọ́n máa ń sùn ti ara wọn? Ṣé ọ̀kan ń lá ìkejì lórí àti lọ́rùn? Pé wọ́n jọ wà lójú kan láìjà kò tó; àwọn mìíràn kàn ń fara da ara wọn ni. Bi àwọn òṣìṣẹ́ bóyá wọ́n ti yà wọ́n rí, àti bóyá èyí tó kù jẹun.

Ohun tí mi ò ní gbà ọ́ nímọ̀ràn láé ni pé kí o mú ọ̀kan báyìí, kí o wá fi àjèjì kún un lọ́dún tó ń bọ̀ "kó má bàa dá wà". Ológbò ìgbẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà tí ológbò ilé ti ṣẹ̀ wá, òun nìkan ló ń dọdẹ. Ọ̀pọ̀ ológbò tó ti dàgbà ò wá ẹnì kejì. Àjèjì méjì nínú fúláàtì kékeré, ẹ̀yin àga yín ni wọ́n máa fi ìtọ̀ pín.

Yàrá méjì ò burú. Abọ́ ìyàgbẹ́ ni kí o rò: ọ̀kan fún ológbò kọ̀ọ̀kan, kí o tún fi ọ̀kan lé e. Mẹ́ta nìyẹn, kí o má sì tò wọ́n sójú kan. Tí o ò bá rí àyè fún wọn, fi àwọn méjèèjì sílẹ̀, kí o béèrè àgbà ológbò tó fẹ́ràn kó dá wà. Má ṣe bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ya ìwọ̀nyí.

Owó náà ńkọ́? Abẹ́rẹ́ àjẹsára àti ìnṣọ́ránsì, orí kọ̀ọ̀kan ló ń san tirẹ̀. Ti ṣíìpù, ohun kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ ológbò kí wọ́n lè mọ olówó rẹ̀, tó ti di òfin ní England láti 10 oṣù kẹfà 2024, ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti fi sí wọn lára. Àdírẹ́sì tí wọ́n kọ fún ṣíìpù náà ni kí o rí i pé ó yí padà sí tìrẹ. Ológbò a sì máa lo ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ rẹ á ti lọ sílé ọkọ, ìwọ ni wọ́n máa kù sí lọ́wọ́!

Ti Màmá ọkọ rẹ: ẹ máa ti ilẹ̀kùn yàrá tí Màmá bá ń sùn, ẹ má bá wọn jiyàn. Àpò oògùn wọn ló ń bà mí lẹ́rù ju ohun tí wọ́n máa sọ lọ. Paracetamol díẹ̀ lè pa ológbò. Àlùbọ́sà náà májèlé ni fún un, nítorí náà kò sí ọbẹ̀ Màmá fún àwọn ológbò.

Tí abọ́ ìyàgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti ráyè, mú méjèèjì. Tí ara ọ̀kan ò bá yá lọ́la, gbé ìkejì náà dání lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko, nínú àpótí tirẹ̀. Èyí tó bá dá lọ, òórùn ibẹ̀ ló máa gbé wálé, ẹnì kejì rẹ̀ sì lè máà dá a mọ̀ mọ́, kó dojú ìjà kọ ọ́.